Níbo la ti ń rí gelato gidi jẹ ní Kuala Lumpur?

Ìyá Ìbejì Gombak

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ wà ní Malaysia, mo kí yín o. Ẹ kú ooru ilẹ̀ yìí.

Gelato ni mo ń wá. Mo ti rí áísìkiriìmù tó pọ̀ jẹ níbí, ṣùgbọ́n gelato bí àwọn ará Ítálì ṣe ń ṣe é ni mo ní lọ́kàn, n kò sì tíì rí i.

Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ lò ní Bergamo kí iṣẹ́ olùkọ́ tó gbé e wá sí UIA, yunifásítì Ìsìláàmù àgbáyé tó wà níbí. Ó di oṣù mẹ́rin báyìí tí a dé Gombak. Bergamo ni mo bí àwọn ìbejì mi sí. Ẹni tó bá mọ ìlú náà á mọ̀ pé apá kan rẹ̀ wà lórí òkè, ògiri òkúta yí i ká, Città Alta ni wọ́n ń pè é. Níbẹ̀, ní ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní La Marianna, ni Enrico Panattoni ti kọ́kọ́ ṣe stracciatella ní 1961. Ọbẹ̀ kan wà tí àwọn ará Róòmù máa ń sè: wọ́n á da ẹyin tí wọ́n ti lù sínú omi ẹran tó ń hó, ẹyin náà á sì já wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Stracciatella ni orúkọ ọbẹ̀ yẹn. Panattoni wá fi ohun tútù dán irú rẹ̀ wò. Bí ẹ̀rọ ṣe ń po gelato funfun lọ́wọ́, ó da ṣokoléètì yíyọ́ sí i, ṣokoléètì pàdé òtútù, ó gan, ó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Orúkọ ọbẹ̀ náà ló fi sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú tí owó bá wà lọ́wọ́, a máa ń wọ ọkọ̀ kékeré tí okùn irin ń fà gun òkè yẹn, a ó lọ jẹ ẹ́. Kẹ́hìndé kì í jẹ òmíràn. Pistacchio, tí wọ́n fi èso aláwọ̀ ewé kan ṣe, ni ti Táyé.

Láti ìgbà tí a ti dé ibí, ibi mẹ́ta ni mo ti kó wọn lọ. Èkíní wà nínú ilé ìtajà ńlá kan láàárín ìlú, wọ́n kọ orúkọ Ítálì gàdàgbà sára ògiri, wọ́n ya àsíá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Pistacchio wọn ń dán bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Táyé fi ahọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbé ṣíbí padà sínú ife, ó ní, "Màámi, ọṣẹ ni." Ti Kẹ́hìndé, ṣokoléètì inú rẹ̀ rí róbótó-róbótó bí ọkà bàbà, gbogbo rẹ̀ dọ́gba, kò sì fẹ́ yọ́ lẹ́nu. Ríńgìtì 45 ni mo san lórí àwa mẹ́ta. Ní ibi kejì, yìnyín ló ń ró láàárín eyín mi. Ibi kẹta kò burú, ṣùgbọ́n mo béèrè bóyá ọtí wà nínú èyí tí mo mú, ọmọ tó ń tà á kò mọ̀, kò sì rí ẹni tó máa bi. Mo gbé e sílẹ̀, mo kó àwọn ọmọ mi, a lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti ń jẹ ẹ́? Ibi tí ọmọ Mùsùlùmí lè jókòó sí kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, tí kò sì ní gbowó ilé lọ́wọ́ wa.

Mo tún fẹ́ béèrè nǹkan kan. Mo ra oníke kan ní súpámákẹ́ẹ̀tì, mo ka ohun tí wọ́n fi ṣe é, mo rí "locust bean gum". Bàbá àwọn ọmọ ní irú nìyẹn. Irú tiwa? Nínú áísìkiriìmù? Ẹni tó bá mọ̀ kó là mí lọ́yẹ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn

Ẹ káàbọ̀ sí Malaysia, mà. Serdang ni mo ti ń kàwé. Àwa ọmọ ilé ìwé, Inside Scoop la máa ń lọ. Bangsar ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2013, wọ́n ti wà káàkiri báyìí. Wọ́n ní ti Musang King, ìyẹn irú durian kan, èso olóòórùn líle ilẹ̀ yìí, wọ́n sì ní waffle dúdú tí wọ́n fi èédú ṣe. Àwọn ìbejì á fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ irú yẹn ni n kò mọ̀ rárá, èmi náà ń dúró de ìdáhùn.

Àbẹ̀kẹ́ PJ

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu àjò o. Èjìrẹ́ á dàgbà, wọ́n á tọ́jú yín.

Àbúrò mi ọmọ Ìsẹ́yìn, ibi tí o dárúkọ yẹn dára, èmi náà máa ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n áísìkiriìmù ni wọ́n ń ṣe, ohun tí ìyá wa ń béèrè yàtọ̀ sí i.

Mo fi ọdún mẹ́rin ṣiṣẹ́ nínú kíṣìnì ṣọ́ọ̀bù gelato kan níbí ní Petaling Jaya. Èmi ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn ní aago méje àárọ̀, tí mo máa ń gbé mílíìkì kaná. A ó gbé mílíìkì àti kiriìmù àti ṣúgà dé ìwọ̀n 85, a ó tètè mú un sọ̀ kalẹ̀ sí 4, lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú nínú fíríìjì kí a tó dà á sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ Carpigiani ni tiwa, àwọn tó ti ń ṣe é nítòsí Bologna láti 1946. Ọ̀gá mi kì í gbà kí a fo oorun òru kan yẹn, kódà lọ́jọ́ tí èrò tò dé ìta. Bí ti àná bá tán, a ó kọ ọ́ sára pátákó pé ó tán.

Áísìkiriìmù tí wọ́n ń ṣe fún súpámákẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń lù sínú rẹ̀. Ti olówó pọ́ọ́kú, ìlàjì ohun tó wà nínú ike lè jẹ́ afẹ́fẹ́. Ọ̀rá rẹ̀ náà pọ̀: òfin Amẹ́ríkà ní ọ̀rá mílíìkì kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 10 nínú 100 nínú ohun tí wọ́n bá fẹ́ pè ní áísìkiriìmù. Gelato sábà máa ń wà láàárín ìdá 4 sí 8. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń yí jẹ́jẹ́, kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọlé, ìdí nìyẹn tí ife kékeré fi ń wúwo lọ́wọ́ ẹni. A sì ń tà á ní nǹkan bí -12, nígbà tí áísìkiriìmù wà ní -18. Òtútù rẹ̀ kì í pa ahọ́n kú, adùn rẹ̀ á tètè yọ síta. Ọ̀rá tó pọ̀ náà máa ń bo ahọ́n, kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ adùn èso dáadáa.

Orúkọ ṣọ́ọ̀bù lẹ béèrè, màá dárúkọ. Ṣùgbọ́n ní KL yìí, ẹni tó ń sè é lónìí lè ti lọ lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n ṣì fi orúkọ náà sílẹ̀ lára ògiri. Ojú yín ló máa ràn yín lọ́wọ́ jù.

Ẹ kọ́kọ́ wo pistacchio. Tí a bá yan èso yẹn, tí a lọ̀ ọ́, àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣú, bí ewé tó ti ń gbẹ lọ. Ti Bronte ní Sicily, ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń ká a, owó rẹ̀ ga gan-an. Ẹni tó bá fi owó tó tó bẹ́ẹ̀ rà á kò jẹ́ fi aró bò ó. Èyí tí Táyé pè ní ọṣẹ, òórùn álímọ́ńdì inú ìgò ló gbọ́ yẹn. Ẹ bá mi kí i, ahọ́n rẹ̀ mọ nǹkan. Bákan náà, gelato ọ̀gẹ̀dẹ̀ a máa funfun lọ sí eérú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a bó tí a gbé kalẹ̀. Ti ewé mint, funfun ni ó yẹ kó jẹ́, àfi tí wọ́n bá lọ ewé náà mọ́ ọn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe kó o jọ. Tí ó bá ga ju etí abọ́ lọ bí òkìtì, tí wọ́n to èso lé e lórí, ẹ rántí pé ìta ń mú ìwọ̀n 33, àwọn èèyàn sì ń ṣílẹ̀kùn wọlé jáde. Ohun tó bá dúró gangan bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, afẹ́fẹ́ àti òróró líle ló gbé e ró. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, inú ihò irin jíjìn la ń kó o sí, ọmọrí wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pozzetti ni àwọn ará Ítálì ń pè é. Àwọn oníbàárà kì í rí nǹkan kan, wọ́n á máa bi mí pé kí ni mo ń fi pa mọ́. Màá ṣí ọmọrí, màá fi ṣíbí pẹlẹbẹ bu díẹ̀ fún wọn. Èmi fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn, kí n rí ojú ẹni tó ń tọ́ ọ wò fún ìgbà àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó san owó, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní fior di latte tọ́ wò. Mílíìkì, kiriìmù àti ṣúgà ni, kò sí èso tàbí ṣokoléètì tó máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Tí ó bá ń ró bí iyanrìn, ó ti yọ́ rí, wọ́n tún un dì ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ní ibi kejì nìyẹn: àwọn yìnyín wínníwínní inú rẹ̀ ti yọ́ pọ̀ di ńlá. Ó lè jẹ́ iná ló lọ, ó lè jẹ́ ọkọ̀ ló gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn. Stracciatella ni kí ẹ wò tẹ̀ lé e, ẹ̀yin tí ẹ ti ibi tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ wá kò nílò kí n kọ́ yín. Ṣokoléètì tó rí róbótó, inú àpò ni wọ́n ti bù ú.

Ọ̀rọ̀ irú. Ẹ sọ fún Bàbá Ìbejì pé orúkọ ló jọra. Èso igi carob tó ń hù lágbègbè òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n á lọ kóró rẹ̀ di ìyẹ̀fun, ìwọ̀nba díẹ̀ la máa ń fi sí i, kó lè di omi mú kí yìnyín má baà tóbi. Kò ní òórùn, kò sì ní ìtọ́wò. A máa ń kọ ọ́ bí E410 nígbà mìíràn. Irú tiwa, Parkia biglobosa, igi mìíràn pátápátá ni. Ṣùgbọ́n tí ó bá ń wá ìbátan irú gan-an ní Malaysia, ó wà lójú ọjà níbẹ̀ lọ́dọ̀ yín: petai, èso gígùn aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń so kọ́. Parkia speciosa ni òun, mọ̀lẹ́bí kan náà. Wọ́n á fi ata àti edé din ín, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́, mo pe ìyá mi ní Ìjẹ̀bú lórí fóònù lọ́gán.

Ní ti hàláàlì: ẹ wo àmì JAKIM, àjọ ìjọba tó ń fọwọ́ sí ohun hàláàlì, lẹ́nu ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀bù kékeré púpọ̀ kò ní in, nítorí náà ẹ bi ẹni tó ń sè é, ẹ má bi ẹni tó ń tà á nìkan. Èyí tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni malaga, torí ọtí ni wọ́n máa ń rẹ èso àjàrà gbígbẹ inú rẹ̀ sí, àti zuppa inglese, àti tiramisù, tí wọ́n máa ń fi ọtí marsala sí nígbà mìíràn. Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, ọ̀gá wa kì í fi ẹ̀kán ọtí kankan sí i, kọfí nìkan ló wà nínú tiramisù.

Ó ku ohun kan tó wà lọ́kàn mi jù. Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹ ti gula melaka. Ṣúgà tí wọ́n ń rí lára igi àgbọn ni. Wọ́n á gun àgbọn, wọ́n á gé òdòdó rẹ̀, wọ́n á gbé ohun èlò sí i kó máa kán sínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn adẹ́mu wa ṣe ń dá ẹmu lórí ọ̀pẹ. Àwọn kò ní jẹ́ kó kan, wọ́n á sè é títí á fi dì, àwọ̀ rẹ̀ á dúdú bí oyin ìgbẹ́. A máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, àti mílíìkì àgbọn dípò apá kan kiriìmù. Ọkùnrin ará Ítálì kan wá sí ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jọ́ kan, ó jẹ ife kan, ó jókòó, ó tún jẹ ìkejì, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ọ̀nà tí a gbà ṣe é, ti orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀, ti ibí ni. Ní tèmi, gelato gidi nìyẹn, ó gidi ju nocciola, èso hazelnut, tó ti sùn sínú agolo fún oṣù mẹ́fà kó tó gba ọ̀nà òfurufú dé ibí lọ.

Orúkọ tí mo ṣèlérí: Cielo Dolci àti Piccoli Lotti, gelato ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè hàláàlì fúnra yín. Ti ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, mo ti fi ránṣẹ́ sí yín ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, ìgbà yẹn ni tuntun máa ń jáde. Ẹ mú ife, ẹ má mú kóònù fún àwọn ọmọ níta, kò ní tó ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó dé ìgbọ̀nwọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Singapore

Àbẹ̀kẹ́, ẹ ṣeun, mo kọ́ ẹ̀kọ́ lónìí.

Ìyá Ìbejì, bí ìrìn àjò bá gbé yín dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ lọ sí Birds of Paradise ní East Coast Road, ní Katong. 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ewé àti òdòdó ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú tiwọn: òdòdó chrysanthemum funfun, strawberry pẹ̀lú basil. Basil yẹn, ìbátan efinrin wa ni, mo sì gbọ́ ilé nínú rẹ̀. Ewé thyme ni wọ́n ń fi sínú kóònù wọn, ẹ ó ti máa gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ojú títì. Nígbà tí ìyàwó mi wà nínú oyún, ohun kan ṣoṣo tó ń dúró ní inú rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan kò lè kọjá kí n má tò sórí ìlà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Gombak

Mo ti padà dé láti jábọ̀.

Ọjọ́rú tó kọjá ni a lọ, ilé ìwé àwọn ọmọ wà ní ìsinmi. A wọ bọ́ọ̀sì láti UIA dé ibùdókọ̀, a wọ LRT, ọkọ̀ ojú irin ìlú, láti Gombak, a kò yí ọkọ̀ padà títí dé Taman Jaya. Ọkọ̀ Grab tí a fi fóònù pè ló gbé wa ìyókù. Mo fi ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́ sọ́kàn, mo kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n kó o sí. Ọmọrí irin méjìlá, ó tò ní ìlà méjì. Àyà mi là pàà, torí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ṣọ́ọ̀bù kan tó wà nísàlẹ̀ ilé wa ní Bergamo.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní fior di latte. Ó tẹ́jú lórí ahọ́n, mílíìkì ni mo gbọ́, ṣúgà wá lẹ́yìn, ó sì lọ. Kò ró, kò sì lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Mo bi ọ̀gá tó ń sè é nípa ọtí, ó jáde wá fúnra rẹ̀ láti inú kíṣìnì, ó sì ka gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan fún mi lójú àwọn ọmọ. Nígbà tó gbọ́ pé Bergamo la ti wá, ó ní kí Kẹ́hìndé wá dúró níwájú gíláàsì. Ó da ṣokoléètì gbígbóná sínú funfun bí ó ṣe ń jáde, tín-ín-rín bí okùn, ó fi ṣíbí pẹlẹbẹ gé e sọ́tùn-ún sósì, a sì ń gbọ́ bí ó ṣe ń já. Kẹ́hìndé di ọwọ́ mi mú. Ríńgìtì 13 ni ife kan.

Bàbá wọn mú gula melaka. Kò gbà kí n tọ́ ọ wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí a ń padà, ó ní ká yà ra petai, a sì rà á. Àbẹ̀kẹ́, òótọ́ lẹ sọ nípa òórùn rẹ̀. Ó ti dín in lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ó sì ti ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ti Táyé ló kù. Pistacchio wọn ṣú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ àwọ̀ ilẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, mo rò pé ó máa kọ̀ ọ́. Ó tọ́ ọ wò. Kò sọ nǹkan kan fún wa títí ó fi jẹ ẹ́ tán, ó wá béèrè lọ́wọ́ Kẹ́hìndé bóyá ó máa jẹ ìyókù tiẹ̀.

Ọ̀gá náà ní òun máa ń ṣe ti durian ní àsìkò rẹ̀. Oṣù wo ni ká padà lọ?

Àbẹ̀kẹ́ PJ

Alhamdulillah, inú mi dùn dé ọkàn. Oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ni kí ẹ fojú sí. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti jẹ ẹ́ o, ẹ má gbé e wọ LRT, wọn kì í gba durian láàyè nínú ọkọ̀.